Ọjọ́ Tí Mo Túmọ̀ Ọ̀rọ̀ Òkú fún Ìyá Àgbà

Ọjọ́ tí mo fi ìyá bàbá mi ṣe yẹ̀yẹ́ ni n kò lè gbàgbé.

Ọ̀sán Ọjọ́rú kan nígbà tí mo wà lọ́mọdé ni, a kì í lọ ilé-ìwé lọ́sàn-án Ọjọ́rú níbi tiwa. Èmi àti ìyá àgbà ń wo fíìmù àwòrán ọmọdé tí mo fẹ́ràn jù, tí òkú pọ̀ nínú rẹ̀. Faransé ni wọ́n ń sọ, èmi ni mò ń túmọ̀. Òkú kan nawọ́, ó sọ̀rọ̀.

“Kí ló wí?” ìyá àgbà bi mí.

“Ó ní òun ni ọkọ yín.”

Ìyá àgbà ta omi sílẹ̀, ó kúnlẹ̀ níwájú tẹlifíṣọ̀n. “Baálé mi, ẹ má bínú. Oko Kaboua ni mo wà nígbà tí ẹ dákẹ́.”

Mo bú sẹ́rìn-ín.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo tún rí fíìmù náà lórí fóònù, mo lọ jẹ́wọ́ fún un.

“Mo ti mọ̀ lọ́jọ́ náà,” ló wí. “Ìgbà wo ni baálé mi gbọ́ Faransé? Ṣùgbọ́n n kò tíì bẹ̀ wọ́n rí.”

Ó rẹ́rìn-ín. Èmi ò lè rín in.