Eku Bù Mí Jẹ, Abẹ́rẹ́ Ò Ràn Án

Mo ń kọ ìṣirò sójú pátákó fún àwọn ọmọ kíláàsì mi nígbà tí ṣọ́ọ̀kì bọ́ lọ́wọ́ mi. Mo bẹ̀rẹ̀, mo mú un, ó tún bọ́. Ìka ìfábẹ̀lá ọwọ́ ọ̀tún mi kò fẹ́ tẹ̀. Ó ti wú, ó ń gbóná, ó sì ń sọ kì-kì-kì bí àyà ẹni tó sáré. Àwọn ọmọ ń wò mí. Mo ní kí wọ́n ṣí ìwé wọn, mo sì jókòó.

Mo mọ ohun tó fà á. Lọ́jọ́ díẹ̀ ṣáájú, mo ti ọwọ́ bọ àpò oúnjẹ adìẹ láti bu tàárọ̀ fún wọn, eku kan sì bù mí jẹ. Ojú ibẹ̀ kò ju ojú abẹ́rẹ́ lọ. Mo fi omi iyọ̀ fọ̀ ọ́, mo fi áyódìn sí i, mo gbàgbé rẹ̀. Ta ni eku kò bù jẹ rí láàárín àwa tí a ń sin adìẹ?

Èmi àti ọkọ mi, Bàbá Fúnmi, kì í ṣe àgbẹ̀ gidi. Tíṣà ni mí ní Adó, òun ń ṣiṣẹ́ ìjọba. Ṣùgbọ́n láyé ológun yẹn, kí ìjọba alágbádá tó padà dé, ẹyin títà ni ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ fi ń kún owó oṣù wọn. Àwa náà ra ilẹ̀ lójú ọ̀nà Ìyìn, a kọ́ ilé adìẹ síbẹ̀, eku sì bá wa kó wọlé.

Kẹ́mísì kan ní àdúgbò Adébáyọ̀ ni mo kọ́kọ́ lọ. Ọ̀gbẹ́ni ibẹ̀ gún mi ní pẹnisílìn. Ó ní, "Tíṣà, ẹ lọ sinmi. Kó tó di ọjọ́ Àìkú, á ti lọ." Nígbà tó fi di ọjọ́ Àìkú, gbogbo àtẹ́lẹwọ́ mi ti wú, n kò lè di ìwé orin mú ní ṣọ́ọ̀ṣì.

Nílé ìwòsàn, a jókòó sórí bẹ́ǹṣì láti àárọ̀ kùtù. Mo gbé ọwọ́ sókè bí ọmọ iléèwé tó fẹ́ dáhùn ìbéèrè, torí bí mo bá sọ ọ́ kalẹ̀, ìrora á wọ egungun. Nígbà tó kàn mí, ẹni tó wò mí kò tilẹ̀ fọwọ́ kan ọwọ́ náà. Pẹnisílìn ló tún kọ, ó fi kápúsù tẹtirasáíkílìn lé e. Mo lò ó tán, kò sí ìyàtọ̀. Mo padà lọ. Wọ́n ní bóyá n kò lò ó dáadáa ni. Èmi tí mò ń wo aago kí n tó gbé e mì! Wọ́n tún fún mi ní ọ̀kan náà.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ohun tí n kò mọ̀ nígbà yẹn, torí ẹni tó lè bá ara rẹ̀ nírú ipò yìí. Kòkòrò àrùn ni àwọn ohun alààyè tín-ín-tín tí ojú lásán kò lè rí, tí ń sọ egbò di ọyún. Pẹnisílìn àti tẹtirasáíkílìn wà lára oògùn tí ń pa wọ́n. Bí oògùn bá bá kòkòrò tó wà lára yín mu, ẹ ó rí ìyàtọ̀ láìpẹ́. Bí ẹ kò bá rí i, tí ara sì ń gbóná sí i, ẹ má jẹ́ kí wọ́n kàn máa gún yín ní nǹkan kan náà. Ẹ béèrè ìdí. Èmi béèrè, nọ́ọ̀sì ní mo fẹ́ràn àròyé.

Ìyá ọkọ mi wá láti Ìyìn. Aládùúrà ni màmá, àwa sì ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì àwọn òyìnbó, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti máa ń pè é. Wọ́n wo ọwọ́ náà títí. "Ọmọ mi, jẹ́ á lọ sí ulé àdúrà." Mo tẹ̀ lé wọn. Wọ́n gbàdúrà fún mi, wọ́n bu omi sí mi lórí, mo sì sunkún níbẹ̀ bí ọmọdé, torí láti ìgbà tí àìsàn ti bẹ̀rẹ̀, ibẹ̀ nìkan ni ẹnì kan ti di ọwọ́ yẹn mú.

Ọjọ́ kejì, ibà gbé mi ṣánlẹ̀. Kókó yọ lábẹ́ abíyá mi, ìlà pupa kan sì ń gun apá mi láti ọrùn ọwọ́. Wọ́n dá mi dúró nílé ìwòsàn. Dókítà obìnrin kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé síbẹ̀ ló wò mí. Kò fi ọ̀rọ̀ pa mọ́: bí ìlà náà bá ń gùn ún lọ bẹ́ẹ̀, ó lè di pé kí wọ́n gé ìka náà, bóyá ju ìka lọ, kí kòkòrò má baà wọ inú ẹ̀jẹ̀. Ọwọ́ ọ̀tún! Ọwọ́ tí mo fi ń jẹun, tí mo fi ń kọ̀wé, tí mo fi ń di irun ọmọ mi.

"Màmá, níbo ni eku tí ẹ sọ yẹn ti bù yín jẹ?" dókítà bi mí.

"Nínú yàrá oúnjẹ adìẹ wa."

Ó kọjú sí ọkọ mi. "Kí ni ẹ ń fún àwọn adìẹ náà, sà?"

Bàbá Fúnmi ka àgbàdo, ó ka ẹ̀pà, ó wá dárúkọ ìyẹ̀fun yẹ́lò tó máa ń pò mọ́ omi wọn. Dókítà ní tẹtirasáíkílìn ni ìyẹn. "Ṣé ara wọn kò yá ni?"

"Ara wọn yá. Kó má baà di pé kò yá ni. Ẹni tó ń ta oúnjẹ wọn fún wa ló ní ká máa lò ó lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, pé ó tún ń mú wọn sanra."

Gbogbo ọgbà adìẹ tí mo mọ̀ ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Dókítà wá ṣàlàyé. Oògùn díẹ̀díẹ̀ náà ń pa kòkòrò tó jẹ́ ọ̀lẹ, ó ń ṣẹ́ alágídí kù, alágídí ló sì ń bímọ. Eku ń jẹ oúnjẹ adìẹ, ó ń mu omi wọn, ó ń rìn nínú ìgbẹ́ wọn, ó wá ń fi ẹnu àti ẹsẹ̀ kó alágídí yẹn kiri, láti ọgbà kan dé òmíràn, títí dé inú ilé. "N kò lè búra pé lẹ́nu eku ló ti wá," ló wí. "Ó lè jẹ́ pé lára awọ ọwọ́ yín ló ti wà tẹ́lẹ̀, tí eku kàn ṣílẹ̀kùn fún un. Ẹ jẹ́ ká yẹ̀ ẹ́ wò."

Ó gba ọyún díẹ̀ sínú ìgò. Wọ́n máa ń gbìn ín sínú àwo pẹlẹbẹ, wọ́n á fi oríṣiríṣi oògùn tì í, wọ́n á wo èyí tí kòkòrò náà kò lè hù lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. A ń retí èsì, àṣé iná ti lọ, àpótí tó yẹ kó máa gbóná ti tutù, gbogbo rẹ̀ ti bàjẹ́. Wọ́n ní kí a tún un gbà. Mo yí ojú sí ògiri. Inú bí mi débi pé n kò lè bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀.

Èsì kejì jáde. Pẹnisílìn kò ràn án, tẹtirasáíkílìn kò ràn án, ọ̀kan ṣoṣo ló mú un dáadáa, kò sì sí nílé ìwòsàn. Bàbá Fúnmi wọkọ̀ lọ sí Ìbàdàn lọ rà á. Wọ́n la ọwọ́ mi, wọ́n fa ọyún jáde, wọ́n sì ń gún mi ní abẹ́rẹ́ tuntun náà. Ìlà pupa dúró, ó parẹ́, ibà lọ. Bí wọ́n ṣe ń ki báńdéèjì sínú egbò yẹn lójoojúmọ́, n kò ní parọ́, igbe ni mo ń ké.

Orí ibùsùn ni mo wà nígbà tí ìyá ọkọ mi sọ pé eéwo yọ lọ́rùn Fúnmi, ọmọ wa tó máa ń bá wa ṣa ẹyin. Mo wo ọkọ mi.

"Bàbá Fúnmi, ìyẹ̀fun yẹn?"

"Tí mo bá dá a dúró, tí adìẹ kú ńkọ́?"

"Kí wọ́n kú."

Ó dá a dúró. Ó da símẹ́ńtì sí ilẹ̀ yàrá oúnjẹ, ó kó oúnjẹ sínú dúrọ́ọ̀mù onídérí, ó dí gbogbo ihò. Adìẹ díẹ̀ kú lóòótọ́, ìyókù yè. Dókítà tètè tọ́jú eéwo Fúnmi, ó sì san.

Mo lọ sọ ìrírí mi ní ìpàdé àwọn tó ń sin adìẹ, ní Ìjan. Alága rẹ́rìn-ín. "Ìyá Fúnmi, ẹ gbọ́wọ́ wá láti Adó nítorí eku?" Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í jiyàn lórí ibi tí wọ́n ti ń ta ìyẹ̀fun yẹ́lò ní owó pọ́ọ́kú. Mo jókòó títí tí wọ́n fi parí.

Oríkèé kan lára ìka náà kò tẹ̀ mọ́. Nígbà mìíràn mo máa ń bínú sí i, bí mo bá ń de bọ́tìnì aṣọ mi. Lẹ́yìn náà mo máa ń rántí pé nígbà tí àwọn èèyàn ń fi mí jókòó lórí bẹ́ǹṣì, ara mi kò jókòó. Òun ló gbé kókó dìde lábẹ́ abíyá, òun ló gbóná, òun ló ń jà títí ìrànlọ́wọ́ fi dé. N kò dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ rí kí n tó ṣàìsàn.

Lọ́jọ́ ìdúpẹ́ wa, a gbé ọwọ́ sókè. Ìka mi dúró gbagidi láàárín àwọn yòókù, ojú tì mí, mo fẹ́ sọ ọ́ kalẹ̀. Ìyá ọkọ mi, tí wọ́n bá wa wá sí ṣọ́ọ̀ṣì àwọn òyìnbó lọ́jọ́ yẹn, di ọrùn ọwọ́ mi mú, wọ́n tún un gbé sókè.

"Jẹ́ kó wà níbẹ̀," wọ́n ní. "Èmi ò bẹ Olúwa pé kí ìka yìí máa tẹ̀. Mo ní kí wọ́n má gé e ni."