Ọjọ́ tí Mo Túmọ̀ Orúkọ Jákọ́bù

Òórùn kòkó tútù tí a kó pamọ́ sábẹ́ ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn, nítorí inú òórùn yẹn ni ẹ̀jẹ̀ àbúrò mi ti ṣàn. Àárín àwọn ọdún 1990 ni. Mo wà ní ilé ẹ̀kọ́ Bíbélì kan ní Òṣogbo, olùkọ́ wa àgbà sì ń kọ́ wa ní ìtumọ̀ àwọn orúkọ inú Bíbélì láti inú èdè Hébérù. Ẹ̀kọ́ yìí wọ̀ mí lára ju bó ṣe yẹ lọ. Mo kọ orúkọ kún ìwé kan, bí mo bá sì dúró ní Old Garage tí mò ń dúró de ọkọ̀, orúkọ dírẹ́bà ni mo máa ń kọ́kọ́ béèrè, kí n lè sọ ìtumọ̀ rẹ̀ fún un. Ó kù díẹ̀ kí n máa pe ara mi ní Júù.

Ọmọ mẹ́ta ni Yèyé wa bí: ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, èmi, àti àbúrò wa ọkùnrin. Bàbá ti kú, oko kòkó tó fi sílẹ̀ ní abúlé wa nítòsí Iléṣà sì ti dìjà. Ẹ̀gbọ́n mi ti pẹ́ ní Òkè Ọya. Àbúrò ló dúró tó ń ro oko, òun náà ló tọ́jú Bàbá dọjọ́ ikú. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n dé, ó ní òun ni àkọ́bí, kí àbúrò kó ẹsẹ̀ rẹ̀ kúrò lóko òun. Àwọn ẹbí ti bá wọn sọ ọ́ títí, ọ̀rọ̀ náà sì ti ń rọlẹ̀ nígbà tí mo wálé fún ìsinmi.

Lẹ́yìn àdúrà àárọ̀ ọjọ́ Àìkú ni mo mú ìwé mi jáde. Mo sọ fún Yèyé pé Hánà tó ń jẹ́ túmọ̀ sí oore-ọ̀fẹ́, ó rẹ́rìn-ín. Mo sọ fún ẹ̀gbọ́n mi pé Rúbẹ́nì túmọ̀ sí "Ẹ wò ó, ọmọkùnrin!" Inú tirẹ̀ náà dùn.

Àbúrò ní, "Àǹtí, tèmi ńkọ́?"

Mo kà á láìronú. "Jákọ́bù: ẹni tó di gìgísẹ̀ mú, ẹni tó ń gba ipò ẹlòmíràn."

Ẹ̀gbọ́n mi dìde. "Ṣé ẹ gbọ́? Inú Bíbélì ló ti wá! Bàbá ti mọ̀ pé olè ni kó tó sọ ọ́ lórúkọ!"

"Bọ̀dá, orúkọ lásán ni," ni mo wí. Kò gbọ́ mi mọ́.

Lọ́jọ́ kejì, èmi àti àbúrò ń fọ́ kòkó nínú oko nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi yọ sí wa pẹ̀lú àdá.

"Ta ló ní kí o fọwọ́ kan kòkó mi, ìwọ agbapò?"

"Ẹ jọ̀ọ́, Bọ̀dá, ẹ jẹ́ ká parí iṣẹ́."

Ẹ̀gbọ́n mi ta á nípàá láyà, ó ṣubú lé òkìtì èèpo kòkó. Àbúrò fò dìde, ó fi orí kàn án nímú, ẹ̀jẹ̀ bo ẹnu ẹ̀gbọ́n mi, àwọn méjèèjì sì di ara wọn mú, wọ́n ń yí nínú ẹrẹ̀. Mo fi igi na ẹ̀gbọ́n mi lẹ́yìn. Ó tì mí, orí mi kan kùkùté. Nígbà tí mo fi máa ríran dáadáa, àdá ti wà lókè. Àbúrò gbé apá ọ̀tún bo orí. Mo gbọ́ bí irin ṣe kan egungun. Ẹ̀gbọ́n mi tún gbé àdá sókè. Mo fo mọ́ ọn lápá, mo sì fi eyín di ẹran ara rẹ̀ mú títí àdá fi bọ́. Ó wo ohun tó ṣe, ó sá wọ igbó.

Ìborùn mi ni mo fi di apá náà. Ọkọ̀ tó kó obì ló gbé wa dé ilé ìwòsàn ní Iléṣà. Wọ́n gé apá náà láti ìgbọ̀nwọ́. Yèyé sunkún bẹ̀ wá pé kí a má fa ọlọ́pàá wọ̀ ọ́.

Nígbà tí mo padà sí Òṣogbo, mo ro gbogbo rẹ̀ fún olùkọ́ wa. Ó gba ìwé mi, ó wò ó títí.

"Ṣé ibi tí o kọ ọ́ dé nìyí? Mo sọ fún yín pé àwọn ọ̀mọ̀wé kan ní àdúrà ni orúkọ yẹn: Kí Ọlọ́run dáàbò bò ó."

Òótọ́ ni. Mo gbọ́ ọ lọ́jọ́ náà. N kò kọ ọ́ sílẹ̀ nítorí pé ìtumọ̀ ti gìgísẹ̀ ló dùn ún ròyìn. Mo sáré padà lọ sọ ọ́ fún àbúrò lórí bẹ́ẹ̀dì. Ó gbọ́ mi tán, ó kọjú sógiri.

"Ẹ ṣeun, Àǹtí. Ẹ má túmọ̀ nǹkan kan fún mi mọ́."

Ìdó-Ọ̀ṣun ni ẹ̀gbọ́n mi lọ jókòó sí. A kò rí i títí di ọjọ́ tí a sin Yèyé. Ó dúró sẹ́nu ọ̀nà, kò lè wọlé. Àbúrò ló dìde, tó fi ọwọ́ kan tó kù fa àga fún un.

"Ẹ jókòó, Bọ̀dá."

Ẹ̀gbọ́n mi bú sẹ́kún. Àwọn ẹbí ní wọ́n ti parí ìjà. Èmi ò mọ̀. Ohun tí mo mọ̀ ni pé "àbúrò mi" nìkan ni ẹ̀gbọ́n mi ń pè é, kò tún dárúkọ rẹ̀ mọ́.

Àwọn òbí ṣì ń bi mí ní ìtumọ̀ orúkọ ọmọ wọn lónìí. Mo máa ń kọ́kọ́ wo ojú gbogbo àwọn tó jókòó sínú ilé kí n tó dáhùn.