Ìgbà tí Mo ń Ṣọ́ Ẹnu Ọ̀nà Ejò Onírin

Kí èèyàn tó rí ọgbà ìgbafẹ́ náà lókèèrè, igbe ló máa kọ́kọ́ gbọ́. Igbe àwọn tó ń ṣeré ni, àmọ́ ẹni tí kò bá mọ̀ á rò pé ọkọ̀ ti forí sọ ọkọ̀ lójú títì Ìbàdàn sí Ifẹ̀. Àárín Ìkirè àti Apòmù ni wọ́n kọ́ ọ sí, lórí ilẹ̀ tó jẹ́ oko kòkó tẹ́lẹ̀. Ohun tó sì ń mú wọn ké bẹ́ẹ̀ ni ọkọ̀ tuntun kan tó ń sáré lórí irin gíga: á rọra gun òkè bí arúgbó tó ń gun àtẹ̀gùn, á dúró díẹ̀ lókè pátápátá, lẹ́yìn náà á já wálẹ̀ lójijì, á lọ́, á dorí kodò, á tún gbéra. Ejò Onírin ni àwa ará àdúgbò sọ ọ́. Èmi ni mo ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà rẹ̀.

Mo ti jáde ní ilé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ nígbà náà, mi ò sì tíì rí iṣẹ́. Bàbá mi, akọ̀wé ìjọba tó ti fẹ̀yìn tì, tó sì máa ń ka Bíbélì fún ìjọ ní ṣọ́ọ̀ṣì Áńgílíkà wa ní Apòmù, sọ pé ìjókòó ilé kò yẹ ọmọ tó kàwé. Nígbà tí wọ́n gbà mí sí ọgbà náà, tí wọ́n fún mi ní yunifọ́ọ̀mù búlúù àti rédíò ọwọ́ tí mo fi ń bá ẹni tó ń darí ẹ̀rọ sọ̀rọ̀, mo gbà pé mo ti di èèyàn pàtàkì. Mo máa ń gbé rédíò yẹn sẹ́nu nígbà tí kò sí ẹni tí mo fẹ́ bá sọ̀rọ̀ rárá, kí àwọn tó ń kọjá lè rí mi.

Níbẹ̀rẹ̀, ìlà lásán ni. Ẹni tó bá kọ́kọ́ dé ló ń kọ́kọ́ gùn ún, bí àwọn àgbà ṣe máa ń sọ pé ẹni tó bá jí dé odò ló ń pọn omi tó tòrò. Oòrùn ń pa wọ́n, wọ́n ń ti ara wọn, wọ́n ń tẹ ara wọn lẹ́sẹ̀, àmọ́ kálukú ń rí ẹ̀yìn ẹni tó ṣáájú rẹ̀, ó sì mọ ibi tí òun wà. Lẹ́yìn oṣù díẹ̀ ni máníjà wa gbé ọgbọ́n tuntun dé. Ó ní kò sí ẹni tó tún gbọ́dọ̀ dúró sínú oòrùn mọ́. Kí kálukú kọ orúkọ rẹ̀ sínú fóònù, fóònù á fún un ní nọ́ńbà, á sì máa sọ iye èèyàn tó kù níwájú rẹ̀. Òun á lọ jókòó sábẹ́ igi, á ra ohun mímu, títí tí fóònù á fi pè é. Èmi gan-an pàtẹ́wọ́ lọ́jọ́ tó ṣàlàyé rẹ̀ fún wa. Ohun tí kò pariwo rẹ̀ ni báńdì yẹ́lò. Ẹni tó bá fi owó kún owó, wọ́n á so báńdì náà mọ́ ọn lọ́wọ́, á gba ẹnu ọ̀nà kejì, á wọlé lójú ẹsẹ̀. Gbogbo ìgbà tí ọlọ́wọ́ yẹ́lò kan bá sì ti wọlé, nọ́ńbà àwọn tó wà lábẹ́ igi á sún sẹ́yìn.

Wọn kò mọ ìdí rẹ̀. Ohun tí wọ́n mọ̀ ni pé èèyàn díẹ̀ ló kù níwájú àwọn lẹ́ẹ̀kan, àti pé nígbà tí wọ́n tún wo fóònù, wọ́n ti pọ̀ sí i. Ta ni wọ́n máa bú? Wọn kò rí máníjà, inú ọ́fíìsì onídígí ló wà. Èmi ni wọ́n ń rí. Wọ́n pè mí ní olè, wọ́n pè mí ní aṣọ́bodè ọ̀run àpáàdì. Ìyá kan láti Ìbàdàn ṣépè fún mi débi pé àwọn ọmọ rẹ̀ ló ń bẹ̀ ẹ́. Mo kọ́ bí a ṣe ń dá wọn lóhùn láì wo ojú wọn: "Ẹ máa wo fóònù yín, mà. Ẹ máa wo fóònù yín, sà." Mo kórìíra wọn. Kí n má parọ́, mo kórìíra àwọn tó ń bú mi, mo tún kórìíra àwọn ọlọ́wọ́ yẹ́lò tí wọ́n ń kọjá lára mi bíi pé òpó ni mí. Ẹni tó rán ni níṣẹ́ là ń bẹ̀rù, a kì í bẹ̀rù ẹni tí a ń jẹ́ ẹ fún. Òwe yẹn ni mo fi ń tu ara mi nínú.

Mo ní àfẹ́sọ́nà nígbà náà, ọmọ Ìkirè, tó ń ṣe fèrèsé onídígí. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni. A ti ṣe mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́, ó ku ìgbéyàwó. Ìyá rẹ̀ ń ta dòdò Ìkirè lẹ́bàá títì, òun sì ni olórí ẹgbẹ́ obìnrin ní ìjọ Aládùúrà wọn. Ìyá yìí kò fi gbogbo ara gba tèmi. Ọmọ akọ̀wé ni ó máa ń pè mí lẹ́yìn, ó ní ọwọ́ mi rọ̀ jù. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí mo ti wọ yunifọ́ọ̀mù búlúù, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi mí yangàn. Ó ń sọ fún gbogbo ayé pé ìyàwó òun ló ni kọ́kọ́rọ́ Ejò Onírin.

Ní ọjọ́ Ajé tó tẹ̀lé ọdún Àjíǹde, èrò pọ̀ débi pé a kò rí ilẹ̀. Mo kàn rí àwọn obìnrin aláṣọ funfun tí wọ́n ń bọ̀ láàárín èrò, ìyá àfẹ́sọ́nà mi ló ṣíwájú.

"Ìyàwó wa!" Ó ti ń ké láti òkèèrè. Mo kúnlẹ̀ níbi tí mo wà.

"Ẹ káàbọ̀, mà. Ẹ kú ọdún."

"A ti dé o. Ṣí i fún wa."

"Mà, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ gba nọ́ńbà fún yín."

"Nọ́ńbà kí ni? Èmi náà ń gba nọ́ńbà lọ́wọ́ rẹ?" Ó yíjú sí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Ó rò pé mo ń ṣeré ni.

Fóònù obìnrin akọrin kan láàárín wọn ni mo fi gba nọ́ńbà. Wọ́n lọ jókòó sábẹ́ igi. Kò pẹ́ tí bọ́ọ̀sì ńlá kan fi dé láti Ìbàdàn, báńdì yẹ́lò lọ́wọ́ gbogbo wọn. Mo ń ṣí ẹnu ọ̀nà kejì fún wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Akọrin náà gbé fóònù tọ̀ mí wá. Ó ní, "Ìyàwó, nọ́ńbà wa ń padà sẹ́yìn. Ṣé bó ṣe ń ṣe nìyẹn?" Mo ní bó ṣe ń ṣe nìyẹn.

Nígbà tó yá, ìyá fúnra rẹ̀ dá wá. Kò pariwo mọ́. Ó sún mọ́ mi, ó rẹ ohùn sílẹ̀.

"Má dójú tì mí níwájú àwọn èèyàn mi. Ṣí ẹnu ọ̀nà kejì yẹn fún wa, ká wọlé."

"Mà, wọ́n á lé mi lẹ́nu iṣẹ́."

"Ta ni àwọn tó ń kọjá yìí sí ọ? Ẹ̀gbọ́n rẹ ni wọ́n àbí àbúrò bàbá rẹ?"

"Wọ́n ra báńdì ni, mà."

"Èmi náà kò tíì ra tèmi ni? Ṣé kì í ṣe ilé bàbá rẹ la gbé iyọ̀ àti oyin lọ?"

Mo wo ọ́fíìsì onídígí, mo rí máníjà tó ń wò wá. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, mà, ẹ máa wo fóònù yín." Ẹnu mi ló sọ ọ́ fúnra rẹ̀, nítorí ó ti mọ́ ọn lára. Mo rí i bí ojú ìyá náà ṣe yí padà. Ó kúrò níwájú mi, ó lọ dúró sójú ọ̀nà àwọn ọlọ́wọ́ yẹ́lò, ó na ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì gbalaja.

"Ẹnikẹ́ni kò ní kọjá níbí lónìí!"

Ọkùnrin kan tó fi awò dúdú sójú, tó kó ìyàwó àtàwọn ọmọ rẹ̀ lẹ́yìn, ló kàn láti wọlé. Ó ní, "Mama, abeg comot for road. We don pay."

"Ẹ ti sanwó? Kí lẹ rà? Ṣé ibi tí mo dúró sí yìí lẹ rà ni?"

Àwọn tó wà lábẹ́ igi bẹ̀rẹ̀ sí í dìde. Wọ́n ń bọ̀ pẹ̀lú fóònù lọ́wọ́, wọ́n ń pariwo pé ẹnikẹ́ni kò ní kọjá lóòótọ́. Ọkùnrin náà fi ọwọ́ ti ìyá náà léjìká. Bóyá kò pinnu láti tì í tó bẹ́ẹ̀, mi ò mọ̀. Ìyá náà ṣubú lórí orúnkún, fìlà funfun rẹ̀ sì bọ́ sínú eruku.

Bí mo ṣe débẹ̀, mi ò lè sọ. Mo kàn rí ara mi láàárín àwọn méjèèjì, mo ń pariwo mọ́ ọkùnrin náà pé, "Ìyá ọkọ mi lẹ tì ṣubú yẹn! Ẹ̀yin ọkùnrin yìí, ẹ̀rù Ọlọ́run kò bà yín!" Mo fa ẹnu ọ̀nà méjèèjì, mo tì wọ́n. Mo sọ nínú rédíò pé kí wọ́n dá Ejò dúró, ó sì dúró.

Máníjà sáré jáde. Ó wo èrò, ó rí i pé ọgbà lè dàrú. Ó bẹ ọkùnrin aláwò dúdú, ó yíjú sí mi, ó ní, "Jẹ́ kí àwọn màmá aláṣọ funfun kọ́kọ́ wọlé, kí ọ̀rọ̀ yìí tán." Ìyá gbọn eruku kúrò lára aṣọ. Ayọ̀ ti wà lójú rẹ̀. Ó pe àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ pé kí wọ́n máa bọ̀.

Ìgbà náà ni obìnrin kan sọ̀rọ̀ níwájú èrò. Àgbẹ̀ ni, láti Orílẹ̀-Òwu, ó kó àwọn ọmọbìnrin rẹ̀ wá. Wọ́n ti wà níbẹ̀ láti àárọ̀. Kò tíì bú ẹnikẹ́ni lọ́jọ́ náà.

"Mà, a ti wà níbí kẹ́ ẹ tó dé."

"Èmi ni wọ́n tì ṣubú," ìyá dá a lóhùn.

"Lóòótọ́ ni, mà. Ẹ pẹ̀lẹ́. Ẹni tó ra báńdì kọjá wa, a kò lè mú un. Ẹ̀yin náà sì fẹ́ kọjá wa torí pé ìyàwó yín ló wà lẹ́nu ọ̀nà. Ìgbà wo ló wá máa kan àwa tí a kò mọ ẹnì kankan?"

Ìyá àfẹ́sọ́nà mi yíjú kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀. Èmi ló ń wò. Máníjà náà ń wò mí. Mo ṣí ẹnu ọ̀nà, mo sì sọ fún obìnrin Orílẹ̀-Òwu pé, "Ẹ kó àwọn ọmọ yín wọlé, mà."

Ìyá kò pariwo. Ó mú fìlà rẹ̀ nílẹ̀, ó ní, "Ó dára. O ti fi hàn mí," ó sì kó àwọn obìnrin rẹ̀ lọ. Mo rí wọn bí wọ́n ṣe ń fẹsẹ̀ rìn lọ sójú títì nínú oòrùn. Máníjà kò lé mi. Ó yìn mí, ó ní mo mọ ọgbọ́n tí a fi ń pa iná. Kí ọjọ́ tó rọ̀, báńdì yẹ́lò ti tún ń wọlé.

Bàbá mi mú mi lọ sí Ìkirè lọ́jọ́ Sátidé, ká lọ bẹ̀bẹ̀. Wọn kò fún wa lómi. Mo wà lórí ìkúnlẹ̀ nígbà tí ìyá bi mí pé, "Kí ló dé tí o kò lè jẹ́ kí n kọjá?" Bàbá mi ti kọ́ mi lóhun tí màá sọ, pé iṣẹ́ Èṣù ni, pé ojú mi ló fọ́. Ohun tó jáde lẹ́nu mi ni, "Mà, wọ́n ti wà níbẹ̀ kẹ́ ẹ tó dé." Bàbá mi mí kanlẹ̀. Ìyá rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ṣé ẹ gbọ́? Ọmọ tí kò mọ ẹni tó jẹ́ tirẹ̀ ní gbangba, ṣé inú ilé ló ti máa mọ̀ ọ́n?" Àfẹ́sọ́nà mi ń wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀.

Ó wá bá mi ní Apòmù lẹ́yìn náà pé kí n tún dá lọ bẹ màmá. Mo bi í pé, "Ká ní ìwọ lo wà lẹ́nu ọ̀nà yẹn, ta lo máa ṣí i fún?"

"Ìyá mi ni. Ta tún ni?"

Òótọ́ ló sọ, mi ò sì bínú sí i. Àmọ́ mo mọ̀ pé mi ò lè gbé inú ilé náà. Bí a ṣe pínyà nìyẹn.

Wọ́n ti yọ gbogbo àwa aṣọ́nà kúrò báyìí. Irin kan ló dúró síbẹ̀ tó ń ka fóònù àti báńdì. Wọ́n sọ fún mi pé àwọn èèyàn máa ń dúró níwájú irin náà, wọ́n á máa bú u.

Ilé ìwé kan ní Ìkirè ni mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ, mo sì ti ní ọkọ àti ọmọ. Mo ti ro ọ̀rọ̀ ìyá yẹn títí. Ní ilẹ̀ wa, ẹni téèyàn ní lẹ́nu ọ̀nà ló máa ń gba èèyàn là, òun náà kò sì bá ìwà mìíràn láyé. Síbẹ̀, bí mo bá rántí ojú obìnrin Orílẹ̀-Òwu yẹn, mi ò mọ ọ̀nà mìíràn tí mo lè gbé e gbà.

Láìpẹ́ yìí, ara ọmọ mi gbóná, mo gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Ìlà gùn. Nọ́ọ̀sì kan tí a jọ lọ sílé ìwé rí mi láti inú, ó ju ọwọ́ sí mi pé kí n máa bọ̀. Mo wo iwájú mi, mo rí ìyá arúgbó kan tó ń fi ìbòrùn fẹ́ ara rẹ̀. Mo ṣe bí ẹni tí kò rí nọ́ọ̀sì. Ọkùnrin tó wà lẹ́yìn mi rò pé òun ni wọ́n ń pè. Ó yára kọjá gbogbo wa, ó wọlé. Ẹ̀rín pa mí, inú sì bí mi. Ọmọ mi bi mí pé kí ló ń pa mí lẹ́rìn-ín. Mo ní kò sí nǹkan kan. Mo gbé e sí èjìká kejì, a sì tún dúró.