LaRue Tolman Kò Sọ Pé Òun Mọ̀

Ní ọjọ́ kẹta oṣù Kọkànlá ọdún 2013, ènìyàn mọ́kànlélógóje ló wà nínú ilé ìjọsìn wa ní Idaho. Ẹni mẹ́tàlá ló dìde láti jẹ́rìí. Méjìlá sọ pé àwọn mọ̀.

Bí a ṣe ń ṣe é ní Sọ́ńdè àkọ́kọ́ nínú oṣù nìyẹn. A ó gbààwẹ̀, ẹni tó bá wù yóò jáde síwájú, yóò sì ní: "Mo mọ̀ dájú." Ọmọ ọdún mẹ́rin tí ìyá rẹ̀ ń sọ ọ̀rọ̀ náà sí i létí, òun náà mọ̀ dájú.

Ẹni kẹtàlá ni LaRue Tolman, ìyá tó bí màmá mi. Ó ní, "Mi ò mọ̀. Ó ti tó ọdún mẹ́ta tí mi ò mọ̀ mọ́. Mo ṣì ń wá a, ibí ni mo sì ti fẹ́ máa wá a." Ó padà lọ jókòó.

Òun ló tọ́ èmi àti Brynn àbúrò mi dàgbà lẹ́yìn tí màmá wa kú. Brynn fẹ́ ṣègbéyàwó ní oṣù Kejìlá nínú tẹ́ḿpìlì, ilé mímọ́ ìjọ wa tó yàtọ̀ sí ilé ìjọsìn. Ẹni tí bíṣọ́ọ̀bù kò bá fọwọ́ sí ìwé àṣẹ ìwọlé rẹ̀ kì í wọ ibẹ̀, ì báà jẹ́ ìyá ìyàwó. Èmi ti kúrò nínú ìjọ nígbà tí mo wà ní yunifásítì, ìyá àgbà ni mo kàn sìn wá sí ìsìn ọjọ́ yẹn, n kò retí pé màá wọ tẹ́ḿpìlì. Ìyá àgbà retí.

Àgbẹ̀ ọ̀dùnkún ni Dell Hatch, bíṣọ́ọ̀bù wa. Ìyá àgbà ló kọ́ ọ lórin nígbà tó wà lọ́mọdé. Lẹ́yìn ìsìn, bíṣọ́ọ̀bù pè é sí ọ́fíìsì. Ìyá àgbà ní kí n tẹ̀lé òun wọlé.

"Arábìnrin Tolman, ẹ mà dá wàhálà sílẹ̀ lónìí."

"Dell, fẹ̀yìn ti àga dáadáa. Kò sí wàhálà kankan, ebi ló ń pa ọ́."

Dell rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ ìbéèrè tí wọ́n máa ń bi ẹni tó fẹ́ gba ìwé tẹ́ḿpìlì. "Ṣé ẹ gba Ọlọ́run gbọ́?"

"Àràárọ̀ ni mò ń bá a sọ̀rọ̀. Mi ò mọ̀ bóyá ó ń gbọ́."

"Ẹ jọ̀ọ́, Màmá. Ẹ ṣáà ti ní 'bẹ́ẹ̀ ni'. Brynn ń retí yín."

"Ṣé ìwọ mọ̀?"

"Mo mọ̀."

"Kí lo fi mọ̀?"

Ó wo fèrèsé. "Bí mo ṣe ń sọ ọ́ ni mò ń mọ̀ ọ́n."

"Èmi náà sọ ọ́ títí. Tí mo bá wá parọ́ kí n lè wọlé Ọlọ́run, Dell, kí ni mo tún ń wá níbẹ̀?"

Dell kò fọwọ́ sí ìwé náà. N kò bínú sí i fún ìyẹn. Òfin ló tẹ̀lé. Ṣùgbọ́n ó kọ́kọ́ bẹ̀ ẹ́ pé kó parọ́. Ìyẹn ni n kò ní dárí jì í.

Nínú ọkọ̀, mo bi ìyá àgbà pé, "Kí ló dé tí ẹ ò kúkú fi wọ́n sílẹ̀ bíi tèmi?"

"Ìwọ ti rí ìdáhùn tìrẹ. Má tì mí."

"Ìdáhùn wo?"

"Pé kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Ìwọ náà ń sọ pé o mọ̀. Ìwọ àti Dell ò yàtọ̀, irun nìkan lo fi jù ú lọ."



Lọ́jọ́ ìgbéyàwó, yìnyín ń já bọ́. Èmi àti ìyá àgbà jókòó lórí bẹ́ǹṣì níta tẹ́ḿpìlì, a ń mu kòkó gbígbóná. Ó bi mí pé aago mélòó ló lù. Mo ní mọ́kànlá.

"Wọ́n ti kúnlẹ̀ báyìí nìyẹn." Ó di ojú, ó gbàdúrà fún Brynn àti ọkọ rẹ̀, ó pẹ́ lórí ẹ̀.

"Ta lẹ ń bá sọ̀rọ̀?"

"Bí ẹnì kan bá wà níbẹ̀, á mọ̀ pé òun ni."

Nígbà tí Brynn jáde, ó fi àwọn ayàwòrán sílẹ̀, ó sáré wá bá wa. Ó ti sunkún. "Ìyá àgbà, ẹ ò bá ti ní 'bẹ́ẹ̀ ni'."

"Mo mọ̀, ọmọ mi. Sún mọ́ mi, ọrùn aṣọ rẹ ti ká."

Ní Sọ́ńdè tó tẹ̀ lé e, ìyá àgbà wà lórí àga rẹ̀ nínú ilé ìjọsìn, ó ń kọrin.

Ìwọ tí ò ń ka èyí, bí wọ́n bá fi ọ́ ṣọ́ ẹnu ọ̀nà Ọlọ́run níbikíbi, má kọ́ olóòótọ́ ní irọ́ kó tó wọlé. Ṣílẹ̀kùn fún un, tàbí kí o jáde wá jókòó tì í nínú òtútù.