Omi Iná Ìyá Mi

Pọ́ǹpù ni mò ń tà ní Òkè-Fìà nílùú Òṣogbo, pọ́ǹpù àti jẹnẹrétọ̀ pẹ̀lú gbogbo ohun tó máa ń bàjẹ́ lára wọn. Bí ẹ bá gbé ẹ̀rọ tí kò fa omi mọ́ wá bá mi, màá kọ́kọ́ bú yín pé ẹ kò bu ọ́ìlì sí i, lẹ́yìn náà màá tún un ṣe. Bí mo ṣe rí nìyẹn. Ìyá mi ní láti inú oyún ni mo ti ń bínú bọ̀. Mo sọ èyí kí ó má baà ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu pé obìnrin ló ṣe ohun tí mo fẹ́ ròyìn yìí. Èmi ni mo rò ó, èmi náà ni mo sì dúró ti wẹ́dà títí ó fi jó irin rẹ̀ pọ̀.

Abà bàbá mi wà lẹ́yìn Iléṣà, níbi tí ọ̀nà ọ̀dà ti parí tí ti eléruku bẹ̀rẹ̀. Bàbá mi ti kú, ẹ̀yìn ilé la sin ín sí, lẹ́bàá igi obì tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbìn. Ìyá mi ló kù níbẹ̀. Ó ti lé lọ́gọ́rin ọdún, orúnkún ń dùn ún, ṣùgbọ́n ẹ kò gbọdọ̀ bá a sọ ọ̀rọ̀ àtilọ gbé ìlú. Nígbà ọyẹ́, iná máa ń jó oko yí abà náà ká. Ọdẹ á tiná bọ igbó nítorí òkété, ẹni tó ń ṣánko á tiná bọ pàǹtí, atẹ́gùn á sì gbé e lọ síbi tí ẹnikẹ́ni kò rán an. Ọdún kan, ó jó ilé ìdáná ìyá mi kanlẹ̀, pẹ̀lú apẹ̀rẹ̀ obì tó wà nínú rẹ̀. Àwọn ará oko tó fi ewé tútù lu iná náà pa sọ fún mi pé ìyá mi jókòó lórí àga rẹ̀ ní gbogbo ìgbà tó ń jó, ó ń kọrin ìjọ.

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin tó ń gbé Iléṣà ní ó tó gẹ́ẹ́, ẹ jẹ́ ká gbé ìyá wa kúrò. Mo fara mọ́ ọn. A jọ lọ bá a, a sọ ọ́ jẹ́jẹ́. Ó gbọ́ wa tán, ó wá béèrè ẹni tí yóò máa gbá ojú oórì bàbá wa. Ẹ̀gbọ́n mi ti ń fa ojú ro, ìbínú tèmi náà kò sì jìnnà, ni mo bá sọ ohun tí n kò rò tẹ́lẹ̀. Mo ní màá ṣe ohun tí yóò máa pa iná. Bí iná bá tún kan ara ilé náà lẹ́yìn tí mo bá ṣe é, ìyá mi yóò tẹ̀lé mi lọ sí Òṣogbo láìjanpata. Bí kò bá kàn án, kí ẹnikẹ́ni má dárúkọ ìlú sí i létí mọ́. Ìyá mi na ọwọ́ sí mi, a bọ ara wa lọ́wọ́ bí àwọn tó ń ta ilẹ̀.

Ọkọ̀ panápaná kò lè dé abà yẹn. Afárá onígi ló wà lójú ọ̀nà, ọ̀kadà pàápàá ń fi ọgbọ́n kọjá lórí rẹ̀. Ohun tí ènìyàn lè fi ọwọ́ tì ni mo ní láti ṣe. Mo kọ́kọ́ wá tánkì funfun onígun mẹ́rin ńlá kan, irú èyí tí wọ́n fi irin ká mọ́, mo gbé e ka orí ọmọlánke, a sì bu omi kún un lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù láti dán an wò. Táyà méjèèjì bẹ́, ọ̀kan tẹ̀lé èkejì. Ọmọlánke jókòó sílẹ̀, kò dìde mọ́. Òkè-Fìà fi mí rẹ́rìn-ín títí. Oníkẹ̀kẹ́ kan ní kí n kúkú fi ibẹ̀ ṣe odò, kí n máa sin ẹja.

Mo pa tánkì tì, mo wá dúrọ́ọ̀mù aláwọ̀ búlúù mẹ́ta. Wẹ́dà fi irin ṣe ìjókòó fún wọn lórí ọmọlánke mìíràn, ó sì fi táyà alùpùpù sí i lẹ́sẹ̀. Mo fi páìpù so ìdí àwọn dúrọ́ọ̀mù náà pọ̀ kí omi wọn lè jọ máa sàn. Mo de pọ́ǹpù kékeré tó ń lo bẹntiróòlù mọ́ iwájú, mo sì fi rọ́bà gígùn bíi ti àwọn tó ń fọ mọ́tò sí i, pẹ̀lú ẹnu rẹ̀ tí ènìyàn lè yí kí omi fọ́n bí òjò tàbí kí ó lọ tààrà. Ní ìsàlẹ̀, mo fi ẹ̀rọ omi kékeré kan sí i, kí a lè máa ṣí i fi da omi ìdọ̀tí nù. Ẹ̀rọ kékeré yẹn ló dá ohun gbogbo sílẹ̀. Lọ́jọ́ tí mo dán èyí wò, omi fò kọjá òrùlé ṣọ́ọ̀bù, ó sì rọ̀ lé oníkẹ̀kẹ́ mi lórí. Èmi nìkan ló rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ yẹn.

A gbé e dé abà, a pọn omi kànga kún un. Mo kọ́ ọkùnrin tó ń bá ìyá mi ká kòkó bí wọ́n ṣe ń fa okùn pọ́ǹpù. Kí ẹnikẹ́ni má baà wá bu omi náà fọṣọ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, mo fi ọ̀dà pupa kọ ọ́ gàdàgbà sára dúrọ́ọ̀mù àárín: OMI INÁ. Ó yé mi. Mo rò pé ó yé gbogbo ayé.

Òkè àdúrà kan wà lẹ́yìn abà náà. Àwọn obìnrin láti Iléṣà máa ń gba iwájú ilé ìyá mi kọjá lọ síbẹ̀. Ìjọ kan náà ni wọ́n jọ ń lọ, ìjọ àwọn tó máa ń gbàdúrà sí omi kí wọ́n tó mu ún. Ẹ ti mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ. Wọ́n rí OMI INÁ, wọ́n bi ìyá mi léèrè irú omi tó jẹ́. Ìyá mi kì í parọ́. Ó ní ọmọ òun ló gbé e wá láti Òṣogbo, àti pé bí uná bá dìde sí ènìyàn, òun ni wọ́n fi ń pa á. Uná ni ìyá mi ń pe iná, Ìjẹ̀ṣà pọ́ńbélé ni. Àwọn obìnrin náà kò béèrè jù bẹ́ẹ̀ lọ. Lójú tiwọn, ara ọmọ tó gbóná, iná ni. Ọkọ tí kò jẹ́ kí ilé tutù, iná ni. Wọ́n ṣí ẹ̀rọ ìsàlẹ̀, wọ́n gba omi sínú ìgò.

Mo débẹ̀ ní Sátidé kan, mo bá obìnrin kan lórí ìkúnlẹ̀ níwájú ọmọlánke mi. Mo kọ́kọ́ rò pé ara rẹ̀ ni kò yá. Ó dìde, ó dì mọ́ mi, ó ní ibà ọmọ òun ti lọ. Mo sọ fún un pé omi kànga ni. Ó ní òun mọ̀. Mo ní pọ́ǹpù lásán ni mò ń tà. Ó ní Olúwa yóò máa bù kún iṣẹ́ náà.

Orí mi gbóná. Mo wọlé lọ bá ìyá mi, mo béèrè bóyá ó mọ̀ pé bí àwọn èèyàn wọ̀nyí bá gbọ́n omi yẹn gbẹ, ilé rẹ̀ ló máa jó. Ìyá mi ní kò lè gbẹ. Ẹni tó bá bu ìgò kan, òun máa ń ní kí ó pọn kẹ́ẹ̀gì kan láti odò wá dà á padà. Mo yọ ṣùtì. Mo jáde lọ ṣí ìdérí dúrọ́ọ̀mù, omi kún un dé ẹnu, ó sì mọ́ ju èyí tí mo fi sílẹ̀ lọ. Ni mo bá bínú nítorí ọ̀dà, mo ní wọ́n ti ń fi ọwọ́ pa á rẹ́.

Ọ̀sán ni iná dé nígbà tó máa dé. Mo wà níbẹ̀, èmi àti ìyá mi ń bó ẹ̀gúsí lábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀. Mo gbọ́ ọ kí n tó rí i. Igbó ń dún pàpàpà, eérú sì ń já bọ́ sórí aṣọ tí a sá. Ọkùnrin tó ń ká kòkó sáré dé, a jọ ti ọmọlánke lọ sí ẹ̀yìn ilé. Mo fa okùn, pọ́ǹpù dáhùn lẹ́ẹ̀kan náà, mo kí i pé ó ṣeun. Ìdí iná ni mo ń fọ́n omi sí. Ó ń kú níwájú mi, ó ń jí lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ooru gbá mi lójú, mo gbóòórùn irun ojú ara mi tó ń jó, n kò sì kúrò.

Lẹ́yìn náà ni rọ́bà rọ̀ lọ́wọ́ mi. Omi ti tán. Èmi tí mò ń ta pọ́ǹpù, n kò rò ó pé ó lè yára tán tó bẹ́ẹ̀. Iná ti dé ìdí igi obì bàbá mi, lẹ́yìn rẹ̀ oórì, lẹ́yìn oórì ògiri ilé. Ẹ̀rù bà mí.

Ibẹ̀ ni mo ti gbọ́ ohùn àwọn obìnrin lẹ́yìn mi. Wọ́n ti rí èéfín láti orí òkè, wọ́n sọ̀ kalẹ̀, wọ́n gba odò wá. Kẹ́ẹ̀gì ni gbogbo wọn rù. Ẹnikẹ́ni nínú wọn kò bi mí pé ibo ni kí àwọn dà á sí. Wọ́n mọ ìdérí, wọ́n mọ bó ṣe ń ṣí, wọ́n ń dà á, wọ́n ń padà sódò. Pọ́ǹpù tún gbé omi. Ìdí igi obì yẹn la ti pa á. Ewé igi náà jó dé ìdajì, ṣùgbọ́n iná kò kan oórì, kò sì kan ilé.

Mo jókòó sínú ẹrẹ̀, mo ń rẹ́rìn-ín bí ẹni tó yó. Inú mi dùn, mi ò ní purọ́. Mo ti ń to èébú tí màá fi pe ẹ̀gbọ́n mi lórí fóònù. Mo fi ojú wá ìyá mi, kò sí lórí àga rẹ̀. Ara ògiri ni ó fẹ̀yìn tì, kò wọ bàtà. Lọ́tẹ̀ yìí, kò kọrin.

Mo ní, "Màmá, kò kan ilé. Ẹ ti jàre."

Ó na ọwọ́, ó fọwọ́ kan ibi tí irun ojú mi ti jó.

Ó ní, "Uná tó ń bọ̀ wá bá èmi kò bà mí lẹ́rù rí. Ìwọ ni mo rí nínú rẹ̀ lónìí. Lọ bá mi kó ẹrù mi."

Mo rán an létí ọwọ́ tí a bọ̀. Ó ní òun kò gbàgbé, kí n ṣáà lọ kó ẹrù.

Ọ̀dọ̀ mi ní Òkè-Baálẹ̀, ní Òṣogbo, ló wà báyìí, ó ń bá mi jà nítorí iyọ̀ ọbẹ̀. Ọmọlánke wà lábà. Àwọn obìnrin yẹn ń bu, wọ́n ń pọn, wọ́n sì máa ń gbá ojú oórì bàbá mi kí wọ́n tó gun òkè lọ. Wọ́n máa ń fi ìgò kan ránṣẹ́ sí ìyá mi. Láàárọ̀, kí n tó jáde lọ sí ṣọ́ọ̀bù, yóò pè mí, yóò da díẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́, yóò fi pa ibi tí irun kò ti hù padà lójú mi. Omi odò lásán ni. Mo máa ń bẹ̀rẹ̀ kí ọwọ́ rẹ̀ lè tó mi.