Àmín Láti Ẹ̀yìn Pákó

Ilẹ̀ ò tíì mọ́ nígbà tí mo ti ilẹ̀kùn ilé mi ní Ògbómọ̀ṣọ́, tí mo kọrí sí Èkó. Láti ìgbà tí a ti sin Àbẹ̀kẹ́, ìyàwó mi, ni ẹ̀rù ilé yẹn ti ń bà mí. Èmi tí mo máa ń darí àdúrà àárọ̀, bí mo bá ti pe “Olúwa” báyìí, ẹnu mi á wúwo, n ó sì dìde lórí ìkúnlẹ̀. Mo wá ní kí n lọ kí ìyá Rísí, alábàágbé àwọn òbí mi ní Bàrígà, níbi tí mo dàgbà sí.

Títí dé Ọ̀yọ́ ni kòtò ń gbọ̀n wá bí ẹ̀wà inú atẹ. Àkàrà ojú ọ̀nà kò ju ìka méjì lọ. Owó rẹ̀ nìkan ló tóbi. Ní Fádèyí mo wọ kẹ̀kẹ́ Márúwá. Awakọ̀ ní, “Bàbá, ẹ wọlé pẹ̀lú ṣénjì yín o!” Owó wẹ́wẹ́ ni ṣénjì. Lọ́dọ̀ tiwa, a ó kọ́kọ́ kí àgbà ná.

Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ti bo ibi tí a ti ń gbá bọ́ọ̀lù ní Abúlé Òkúta, àdúgbò wa ní Bàrígà. Ṣùgbọ́n ilé wa ṣì wà, àti pákó tí wọ́n fi la yàrá wa àti ti ìyá Rísí láàárín.

“Àkànní!” ni ìyá àgbà náà ké. Kò sí ẹlòmíràn tó ń pè mí bẹ́ẹ̀ mọ́. Omi bọ́ lójú mi.

“Ẹ̀rù ilé ń bà mí, mà,” ni mo wí.

“Mo gbọ́, ọmọ mi. Jẹun ná. Ọ̀fọ̀ ò ní kí ebi má pa èèyàn.” Ó gbé ẹ̀bà àti ẹja ọ̀sà síwájú mi.

Nígbà èwe mi, bí ìyá mi, ọmọ ìjọ Onítẹ̀bọmi, bá ń gbàdúrà láàárọ̀, ìyá Rísí á máa ṣe àmín láti ẹ̀yìn pákó. Bí òun náà bá kírun tán, àwa la ó ṣe àmín sí tirẹ̀. Bàbá mi a máa ní pákó yẹn nìkan ni kò ní ẹ̀sìn.

Inú yàrá wa àtijọ́, tó ṣófo báyìí, ni mo sùn sí. Láàárọ̀, mo gbọ́ ohùn ìyá Rísí láti ẹ̀yìn pákó: “Ọlọ́run, Àbẹ̀kẹ́ ti wá sọ́dọ̀ rẹ. Àkànní ló kù. Bá a gbé inú ilé yẹn, kí ẹ̀rù má bà á.”

“Àmín!” Kí n tó mọ̀, mo ti pariwo rẹ̀. Ẹkún sì tẹ̀lé e.

Ó kan pákó. “Mo ti ṣe tèmi. Ó kàn ẹ́. Àbí àdúrà ta ni kí èmi náà ṣe àmín sí?”

Mo kúnlẹ̀. Ọ̀rọ̀ ń jáde díẹ̀díẹ̀, ó sì ń ṣe àmín sí i.

Ìrọ̀lẹ́ ni mo padà délé ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ilé ṣì pa rọ́rọ́ bí mo ṣe fi í sílẹ̀. Ṣùgbọ́n mo ti kọ́ ọ pé bí ẹnu ẹni bá wúwo, kí á wá àdúrà ẹlòmíràn ṣe àmín sí. Ọlọ́run ń gbọ́ ìyẹn náà. Mo kúnlẹ̀ síbi tí Àbẹ̀kẹ́ máa ń kúnlẹ̀ sí, mo gbàdúrà sókè. Bí mo bá ti sọ gbólóhùn kan tán, mo ń dúró díẹ̀, kí ìyá Rísí lè ráyè ṣe àmín.