Ìràwọ̀ Òkun tí Ìyá Àgbà Sá sí Oòrùn

Bí ẹ bá bi mí ní ohun tó dá mi dúró sí Agége, n ó sọ fún yín pé ọtí ni. Ẹ má wojú mi bẹ́ẹ̀, n kò fẹnu kàn án rí láyé mi.

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ìwé nígbà náà, láàárín ọdún tí wọ́n ń pè ní fífítìsì. Ọ̀dọ̀ ìyá àgbà mi, ìyá tó bí ìyá mi, ni mò ń gbé, lẹ́yìn ilé oníbúrẹ́dì kan. Ará Ògbómọ̀ṣọ́ ni wọ́n, mùsùlùmí tí kì í jẹ́ kí ìrun kankan kọjá. Àkọ́bí wọn, ẹ̀gbọ́n ìyá mi, ń ta aṣọ ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi yìí ti ránṣẹ́ pé àwọn ń bọ̀ lọ́jọ́ Ajé; bí n kò bá tíì níṣẹ́ lọ́wọ́, kí n di ẹrù mi sílẹ̀, àwọn yóò mú mi lọ sí ìsọ̀ wọn. Èmi kò sì fẹ́ lọ. Mo fẹ́ràn Agége, òórùn búrẹ́dì ní òwúrọ̀, ariwo rélùwéè, àwọn Hausa tí ń di obì sínú ewé. Mo tún mọ ara mi: ẹni tó bá tú aṣọ wò lórí àtẹ mi títí tí kò rà á, ìjà la ó fi parí rẹ̀.

Ọ̀gá kan wà ní Ìkẹjà tó ti òkè òkun dé, ọmọ Ìjẹ̀bú, onírẹ̀lẹ̀ ènìyàn. Ẹ̀kọ́ nípa àwọn ẹ̀dá inú òkun ni wọ́n kọ́. Wọ́n ti gbé ní etí òkun apá ìlà oòrùn Áfíríkà, níbi tí iyùn ti ń hù lábẹ́ omi bí igbó. Iyùn ọrùn nìkan ni mo mọ̀ tẹ́lẹ̀, ẹnu sì yà mí. Wọ́n ní nínú ihò òkúta iyùn náà ni ẹ̀dá kan ń sá pamọ́ sí lọ́sàn-án. Ìràwọ̀ òkun ẹlẹ́gẹ́ ni wọ́n ń pè é. Ara rẹ̀ rí róbótó bíi kọ́bọ̀, apá márùn-ún tẹ́ẹ́rẹ́ gígùn yọ lára rẹ̀, ẹ̀gún wẹ́wẹ́ sì tò sí ẹ̀gbẹ́ apá náà. Bí ẹja bá gbá a mú lápá, á já apá náà sílẹ̀ fún un, á bá tirẹ̀ lọ, òmíràn á sì hù. Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Ọ̀gá náà rẹ́rìn-ín pẹ̀lú mi, mo sì ti fẹ́ràn iṣẹ́ náà láti ìgbà yẹn.

Ẹni tí yóò máa bá ọ̀gá náà ṣa àwọn ìràwọ̀ òkun yìí sọ́tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n ń wá. Wọ́n gbé ìgò ńlá kan fún mi lọ́jọ́ Jímọ̀, oríṣiríṣi ìràwọ̀ òkun dà pọ̀ mọ́ra nínú rẹ̀. Wọ́n fún mi ní dígí kékeré tí ń sọ nǹkan di ńlá.

“Ìbàdàn ni mò ń lọ,” ni wọ́n wí. “Kó wọn lọ sílé, kí o ṣà wọ́n ní irú sí irú. Bí o bá ṣe é re, iṣẹ́ di tìẹ lọ́jọ́ Ajé.”

Ohun tí n kò sọ fún ìyá àgbà ni pé ọtí líle ló wà nínú ìgò náà. Ọtí ni wọ́n fi ń tọ́jú irú ẹ̀dá bẹ́ẹ̀ kó má bàa rà. Mo gbé e sábẹ́ ibùsùn, mo sì lọ fọṣọ ní odò láàárọ̀ Sátidé.

Nígbà tí mo dé, ìyá àgbà jókòó sí ẹ̀yìnkùlé pẹ̀lú igi lọ́wọ́, wọ́n ń lé adìẹ. Àtẹ tí wọ́n fi ń sá ẹja wà níwájú wọn nínú oòrùn, gbogbo ìràwọ̀ òkun ọ̀gá mi sì tẹ́ rẹrẹ lórí rẹ̀, apá wọn nà síbí nà sọ́hùn-ún.

“O káre, ọmọ mi,” ni wọ́n wí. “Ẹni tó fún ọ ní ẹja wọ̀nyí kò mọ̀ pé ọtí ti kó bá wọn. Mo rí ìgò náà níbi tí mo ti ń gbálẹ̀, mo sì ti da ọtí náà nù. Mo fi omi ṣàn wọ́n títí wọ́n fi mọ́, mo bẹ Ọlọ́run kí ó dárí jì wá, mo sì sá wọn kí wọ́n má bàa bàjẹ́.”

Ta ni yóò bínú sí irú ìyá bẹ́ẹ̀ lójú? Mo ní, “Ẹ ṣé, mà.” Mo kọjá sí ẹ̀yìn ilé ìwẹ̀, mo sì sunkún bí ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀. Ìsọ̀ aṣọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni mò ń rí níwájú mi, èmi àti ọ̀pá tí wọ́n fi ń wọn aṣọ títí ayé.

Lọ́jọ́ Àìkú, mo ní kí n kúkú ṣà wọ́n bẹ́ẹ̀. Mo tẹ́ òwú sínú agbọ̀n, mo ń fi ìyẹ́ adìẹ gbé wọn lọ́kọ̀ọ̀kan kí apá wọn má bàa kán. Àwọn kan rọrùn. Àwọn kan ní ẹ̀gún gígùn bí abẹ́rẹ́, apá àwọn kan rí bí irun tí wọ́n fi òwú kó, àwọn kan ní ilà dúdú àti funfun. Àwọn dúdú tí ara wọn ń dán ni mo tì sójú kan, torí ọ̀gá mi ti fi irú wọn hàn mí, wọ́n ní irú kan náà ni. Mo wá fi dígí wò wọ́n.

Nígbà tí wọ́n wà nínú ọtí, awọ rírọ̀ ló bò wọ́n láti ìhín dé ọ̀hún. Oòrùn ti fa awọ náà mọ́ eegun báyìí, gbogbo eegun wẹ́wẹ́ tó rí pẹlẹbẹ bí àwo lábẹ́ rẹ̀ sì yọ. Àwọn kan ní àwo ńlá méjì-méjì níbi tí apá kọ̀ọ̀kan ti so mọ́ ara. Àwọn yòókù kò ní in. Mo wò ó, mo tún un wò. Irú méjì ni wọ́n.

Mo pe ìyá àgbà, mo fi dígí náà sí wọn lójú. Wọ́n pẹ́ lórí rẹ̀. Wọ́n ní, “Ta ló ń rí èyí nínú òkun?” Mo ní kò sẹ́ni tí ń rí i, mà. Wọ́n tún gba dígí náà, wọ́n sì tún wò ó.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, mo gbé agbọ̀n lọ sí Ìkẹjà. Mo ro gbogbo ọ̀rọ̀ náà fún ọ̀gá mi, ọtí, àdúrà àti adìẹ. Wọ́n bojú jẹ́. Wọ́n mú dígí ńlá wọn, wọ́n wo òkìtì dúdú kìíní, wọ́n wo èkejì. Nígbà tó yá, ẹ̀rín pa wọ́n.

“Àwa náà máa ń sá wọn gbẹ bẹ́ẹ̀ nígbà mìíràn,” ni wọ́n wí. “Ojo ló mú mi tí n kò sá àwọn wọ̀nyí, mo ní wọn yóò fọ́. Irú méjì ni lóòótọ́. Máa bọ̀ lọ́la. Bá mi kí ìyá àgbà.”

Ijó ni mo jó délé. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi ti wà ní ìyẹ̀wù, wọ́n ti di ẹrù mi tán. Mo kúnlẹ̀ kí wọn, mo ní mo ti ríṣẹ́. Wọ́n ní irú iṣẹ́ wo. Mo gbé ìràwọ̀ òkun kan tí ọ̀gá fún mi sí àtẹ́lẹwọ́ mi.

“Kòkòrò òkun?” ni wọ́n wí. “Ìyá, ẹ ò wá bá ọmọ yín sọ̀rọ̀?”

Ìyá àgbà gba dígí lọ́wọ́ mi, wọ́n nà án sí àkọ́bí wọn. “Wò ó ná,” ni wọ́n wí. “Ọlọ́run dá èyí sí ibi tí ojú ẹnikẹ́ni kò dé, Ó sì fara balẹ̀ ṣe é báyìí. Ọmọ yìí ni yóò máa bá wa wò ó. Tú ẹrù rẹ̀.”

Ẹ̀gbọ́n ìyá mi wò ó. Wọ́n yí i sọ́tùn-ún, wọ́n yí i sósì, wọ́n sún mọ́ ẹnu ọ̀nà kí ìmọ́lẹ̀ lè bà á. Ọwọ́ kejì wọn ni wọ́n fi ń tú okùn ẹrù náà.